Onífèrè Tí Ó Fi Ìpè Kan Pamọ́

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lẹ́bàá òkè tí ó ń fọn fèrè fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ó fi fọn ọ́n. Fèrè onídẹ ni, ó gùn tó apá, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu àrọ. Bí ẹgbẹ́ náà bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, àárín àwọn alátìlẹ́yìn ni ọkùnrin yìí máa ń dúró sí, ohùn fèrè rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń mọ ìgbà tí wọn yóò kọrin àti ìgbà tí wọn yóò pàtẹ́wọ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu ará ìlú. Bàbá Onífèrè ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́ ẹjọ́ tí o gbé wá. N kò ní dá a báyìí. Fara balẹ̀ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọkùnrin yìí fún ọ, nítorí mo mọ ojú tí ó fi ń wo ọmọnìkejì rẹ̀. Èmi náà ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ènìyàn rí.

Ìlú náà ní àṣà kan tí n kò rí níbòmíràn. Bí àlejò bá gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wọn, wọn kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà padà sí àárín pápá nínú ìdákẹ́jẹ́. Bí aṣọ́lé bá ti ń tẹ̀ ba láti yọ bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n, onífèrè á ti gbé fèrè sẹ́nu, á fọn ìpè kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ Dìde. Ìpè náà gùn díẹ̀. Ó ní ibi tí ó ti ń gòkè, ó ní ibi tí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ibi tí ó bá sì dúró sí ni gbogbo àwọn alátìlẹ́yìn á ti fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á ké pé, "Ó kù!" Eré kò tíì tán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù á gbọ́ ọ, wọn á gbórí sókè. Àwọn àgbà ìlú náà máa ń sọ pé góòlù kì í pa ẹgbẹ́, ìdákẹ́jẹ́ ló ń pa á.

Wọn kì í fọn Ẹ Dìde ṣeré. Wọn kì í fọn ọ́n níbi ìgbéyàwó, wọn kì í sì í fọn ọ́n ní ọjọ́ tí àlejò kò bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Etí gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu onífèrè nìkan ló mọ ibi tí à ń gbà mú un. Bàbá Onífèrè kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹni tí ó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ẹni yẹn sì ti kú.

Ní ọdún kọkàndínlógún, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkùnrin yìí. Bí ó bá fọn orin méjì tán, á jókòó, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ títí, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa fọn nǹkan yìí. Ẹ̀yin ẹ máa bá wọn kọrin." Ìyàwó rẹ̀ ló lọ sọ ọ́ fún alága ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹ́yìn, nítorí ó mọ̀ pé ọkọ òun kò ní sọ. Alága pe ìpàdé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Onífèrè, wọ́n fún un ní àga onítìmùtìmù níwájú, wọ́n sì fi aránṣọ kan rọ́pò rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ aránṣọ náà ní gbogbo ohun tí ó mọ̀ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kò burú.

Kò burú lẹ́nu. Nínú, ó burú.

Aránṣọ yìí kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì tíì pé ọdún kan àbọ̀ tí ó dé ìlú náà. Ó ti kọ́ fèrè fífọn ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà èwe rẹ̀. Èémí rẹ̀ gùn. Orin tí àgbàlagbà yìí ń dá mí sí lẹ́ẹ̀mẹta, òun a fọn ọ́n tán láìdúró, á sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbá bọ́ọ̀lù ìdárayá kan ní àkókò ìsinmi, aránṣọ fọn fèrè, àwọn ènìyàn jó, wọ́n ń pariwo, "Télọ̀! Télọ̀!" Bàbá Onífèrè jókòó sórí tìmùtìmù rẹ̀. Obìnrin kan tí ó máa ń kí i ní gbogbo ìgbà gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó lọ kí aránṣọ. Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọmọ yẹn ń fọn ọ́n dáadáa o." Ọkùnrin náà ní ebi kò pa òun.

Bí aránṣọ bá jẹ́ agbéraga ni, ìbá rọrùn. Ènìyàn lè kórìíra agbéraga kí ó sì sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ gidi ni. Bí ó bá rí Bàbá Onífèrè lójú ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó fi aṣọ àwọ̀ ẹgbẹ́ wọn rán ẹ̀wù fún un, ó sì fi òwú kọ "Bàbá Onífèrè" sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ ni ó fi rán lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé òun ń bu ọlá fún àgbà. Àgbà wo ẹ̀yìn ẹ̀wù náà, lójú tirẹ̀ wọ́n ti kọ orúkọ òkú sára aṣọ. Ó dúpẹ́, ó ká a, ó sì tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ìlara náà há sí i lọ́fun bí egungun ẹja. Kò pa á, kò sì jẹ́ kí ó gbádùn oúnjẹ.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni ó fi kọ́ aránṣọ lẹ́yìn ilé rẹ̀, lábẹ́ igi ìṣin. Ó kọ́ ọ ní orin ìwọlé. Ó kọ́ ọ ní orin tí wọ́n fi ń ki balógun ẹgbẹ́, àti orin tí wọ́n fi ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́, àti orin góòlù. Kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun kò kọ́ ọ dáadáa. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó ku Ẹ Dìde nìkan. Ẹnu rẹ̀ bá wúwo. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Èyí ni àkísà tèmi." Ó tún sọ nínú ara rẹ̀ pé bí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀, tí aránṣọ náà ti rí i pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti eré, òun yóò kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ní, "Bàbá mi, ṣé ó kù?"

"Ó tán."

"Mo gbọ́ pé ìpè kan wà tí ẹ máa ń fọn bí wọ́n bá gbá a wọlé wa. N kò gbọ́ ọ rí. Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó gbá a wọlé wa rí nílé."

Òótọ́ ni. Ní gbogbo sáà tó kọjá, kò sí àlejò tí ó mi àwọ̀n wọn lórí pápá wọn. Nǹkan ìyangàn ni fún gbogbo ìlú.

Bàbá Onífèrè gbọn itọ́ inú fèrè dànù. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń kọ́. Ọjọ́ tó bá délẹ̀, wàá mọ̀ ọ́n."

Aránṣọ gbà á gbọ́. Àgbà ló sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì sáà tuntun ni wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé. Àwọn àlejò wá láti ìlú kékeré kan létí odò, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá sínú ìdíje náà. Ẹ̀wù wọn kò tilẹ̀ bára mu, pupa ti àwọn kan ti ṣá, ti àwọn kan ṣì ń dán. Àwọn ará ìlú wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bóyá wọn yóò borí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, iye góòlù tí wọn yóò jẹ wọ́n ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Agẹrun kan na ìka mẹ́rin sókè. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ na gbogbo ìka ọwọ́ kan.

Bàbá Onífèrè jókòó sórí tìmùtìmù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí kì í pa bọ́ọ̀lù ilé jẹ, jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Aránṣọ dúró láàárín èrò, ó fọn orin ìwọlé, gbogbo pápá sì gbóná.

Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí eré bẹ̀rẹ̀ tí àlejò kan sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò le, ó gba abẹ́ aṣọ́lé kọjá, ó sì wọ àwọ̀n jẹ́jẹ́. Gbogbo pápá dákẹ́. Aṣọ́lé bẹ̀rẹ̀ láti mú bọ́ọ̀lù. Aránṣọ gbé fèrè sẹ́nu nítorí ó mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan jáde, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó jáde. Àgbà ti ní ọjọ́ tó bá délẹ̀ òun á mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ náà ti délẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n. Ó yíjú wá ibi tí àgbàlagbà jókòó sí. Ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Bàbá Onífèrè tẹ̀ ba, ó ń so okùn bàtà tí kò tú.

Aṣọ́lé gbé bọ́ọ̀lù, ó rìn títí dé àárín pápá, kò sí ẹni tó ké, kò sí ẹni tó dìde. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé wo òkè lọ́dọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn wọn, wọ́n tún wo ara wọn. Inú Bàbá Onífèrè sì dùn. N kò ní bò ó fún ọ, Nọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ tí ó fi àyà rẹ̀ fọn fèrè fún, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé wọn, inú rẹ̀ dùn.

Àwọn àlejò tún gbá èkejì wọlé kí ìsinmi tó dé. Ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, àwọn onílé dá ọ̀kan padà. Aránṣọ fọn orin góòlù, ó dùn dé ìdí, àwọn ènìyàn dì mọ́ ara wọn. Orin yẹn dun àgbàlagbà náà ju góòlù méjèèjì ti àlejò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lábẹ́ ètè rẹ̀ pé kí wọ́n má rí èkejì dá padà, nítorí bí wọ́n bá rí i, kò sí ẹni tí yóò rántí ìpè tí wọn kò gbọ́. Ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn, balógun ẹgbẹ́ gbá bọ́ọ̀lù kan láti ọ̀nà jíjìn. Ó lu òpó, ó ta padà. Gbogbo ènìyàn gbá orí mú. Bàbá Onífèrè mí kanlẹ̀.

Rẹfirí fọn fèrè tirẹ̀. Wọ́n ti nà wọ́n nílé, méjì sí ẹyọ kan.

Bí o kò bá jókòó sáàárín wọn rí, o kò lè mọ bí ó ṣe máa ń rí. Àwọn kan jókòó gẹlẹtẹ bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Agẹrun ju fìlà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń pariwo, "Aṣọ́lé wo nìyẹn? Apẹ̀rẹ̀ ni! Omi á gba inú rẹ̀ kọjá!" Obìnrin kan ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ló yẹ kí wọ́n lé. Ó ní, "Ta ló fi ẹlẹ́sẹ̀ òsì sí apá ọ̀tún?" Ẹlòmíràn ní, "Àwọn ará etí odò náà! Àwọn tí ẹ̀wù wọn kò bára mu! Ojú wo la fẹ́ fi wọ ìlú?" Ẹnì kan sọ pé ọ̀sẹ̀ kejì péré ni, pé sáà ṣì gùn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ú.

Ìgbà náà ni agẹrun dúró lójijì. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná. Ta ló gbọ́ Ẹ Dìde lónìí?"

Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ. Gbogbo ojú yí sí aránṣọ.

"Télọ̀, kí ló dé tí o kò fọn ìpè? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbá a wọlé wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀lù padà sáàárín bí ẹni ń lọ sìnkú!"

Aránṣọ wo ojú Bàbá Onífèrè. Kò wò ó pẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni àgbà yìí ní láti sọ kí gbogbo rẹ̀ tán. Ó ti lanu, gbólóhùn mìíràn ló sì jáde. Ó ní, "Èmi kò sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi o. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí mo wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù kò dákẹ́ padà sáàárín rí."

Ó tó. Wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ aránṣọ. Wọ́n ní kí ó lọ rán ṣòkòtò. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ti dé gbogbo àdúgbò. Àwọn tí ó kó aṣọ fún un wá kó o padà láìrán, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ kò dára. Ìyàwó rẹ̀ lọ pọn omi, àwọn obìnrin sì ń súfèé lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ nílùú onílùú, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ní, wọ́n sì ń wọ́ ọ nílẹ̀.

Alága pe ìpàdé ní ọjọ́ kẹta. Alága yìí ń tún rédíò ṣe, ó sì fẹ́ràn láti tú nǹkan palẹ̀ kí ó tó sọ pé ó bàjẹ́. Ó ní, "Bàbá, a bẹ̀ yín kí ẹ kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ṣé ẹ kọ́ ọ ní Ẹ Dìde?"

Bàbá Onífèrè ní, "Mo kọ́ ọ."

"Télọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó tó ogójì ènìyàn nínú iyàrá náà. Aránṣọ tẹjú mọ́lẹ̀. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn kì í la ojú àgbà sílẹ̀ kí wọ́n pè é ní òpùrọ́. Ó ní, "Bí Bàbá bá ní àwọn kọ́ mi, wọ́n kọ́ mi. Èmi ni kò yé."

Wọ́n dá fèrè padà fún Bàbá Onífèrè. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu nítorí àyà òun, ó ti ń san. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó délé pẹ̀lú fèrè lábẹ́ apá. Ìyàwó rẹ̀ gbé iṣu àti ẹ̀fọ́ kalẹ̀, kò kí i kú oríire. Nígbà tí ó bu òkèlè àkọ́kọ́, obìnrin náà ní, "Bàbá Abídèmí, nígbà tí bọ́ọ̀lù balógun lu òpó, gbogbo wa la gbá orí mú. Kí ló dé tí ẹ̀yin mí kanlẹ̀?"

"Àyà ló ń dùn mí."

"Kì í ṣe àyà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gbọ́ èémí yín. Mo mọ ti àìsàn, mo mọ ti ìtura." Ó jókòó tì í. "Ẹ lọ bá ọmọ náà, kí ẹ kọ́ ọ. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Ọkùnrin náà ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ìwọ náà ti di ti télọ̀?"

Obìnrin náà kó àwo.

Ọkùnrin yìí rò pé bí fèrè bá ti padà sọ́wọ́ òun, ohun tó há sí òun lọ́fun yóò sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbá bọ́ọ̀lù nílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó rí aránṣọ tí ó wọlé, ó wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, ó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn tó kù. Ó ń kọrin. Wọ́n ti bú u, wọ́n ti kó aṣọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń kọrin tọkàntọkàn fún ẹgbẹ́ ìlú. Bàbá Onífèrè wò ó, ó sì jowú ìyẹn náà. Òun ló ni fèrè, òun ló ni orúkọ, ẹni tí kò ní nǹkan kan ni ó sì ń gbádùn eré. Ó fọn fèrè kíkankíkan kí orin ọkùnrin náà lè bọ́ sábẹ́. Orin mẹ́rin ni ó fọn bẹ́ẹ̀ láìsinmi.

Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn àlejò gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Gbogbo ènìyàn wo Bàbá Onífèrè. Ó gbé fèrè sókè, ó mú Ẹ Dìde níbi tí à ń gbà mú un. Ìpè náà gòkè. Àwọn ènìyàn ti ń gbé ìdí kúrò lórí àga. Nígbà tí ó dé òkè tí ó yẹ kí ó máa sọ̀ kalẹ̀, èémí tán. Ohun tó jáde dà bí igbe ewúrẹ́. Àwọn tó ti dìde ààbọ̀ wà lórí ìlóṣòó, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n dìde tàbí kí wọ́n jókòó. Ó wúkọ́, ó tún mú un, kò tilẹ̀ dé ìdajì. Aṣọ́lé ti gbé bọ́ọ̀lù, ó ti ń bọ̀.

Ìdààmú bá àgbà. Ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yẹn, ìlara kò pa ìyẹn tán nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí bọ́ọ̀lù dákẹ́ padà sáàárín lójú òun. Láìronú, ó yí sí ẹni tí èémí rẹ̀ gùn jù lọ ní gbogbo pápá, ó na fèrè sí i. "Gbà! Gbà, fọn ún! Tètè!"

Aránṣọ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó gbé e sẹ́nu. Ó dúró. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ kò kọ́ mi."

Kò pariwo. Kò fi sọ ẹ̀sùn. Ó ti bo àgbà láṣìírí nígbà tí ọ̀rọ̀ ló lè bò ó. Ohun tí ẹnu kò mọ̀, ẹnu kò lè fọn ọ́n. Agẹrun gbọ́ ọ. Alága gbọ́ ọ. Ìyàwó Bàbá Onífèrè gbọ́ ọ, ó sì wo ilẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, ti ọkùnrin yìí kò tilẹ̀ pé ogún ọjọ́. Aṣọ́lé rìn dé àárín pápá, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ sì wà níbẹ̀ tí o lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí koríko.

N kò mọ iye tí eré ọjọ́ náà parí sí. Gbogbo ẹni tí mo bi ní òun kò rántí. Kò sí ẹni tó bú àgbàlagbà náà. Wọ́n kàn ń wò ó, wọ́n sì ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí àyè fi ṣí yí i ká.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní ọ̀la rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, aránṣọ kò jẹ́, ó gbá a mọ́ra kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Bàbá Onífèrè ní kí ó jẹ́ kí òun kọ́ ọ. Wọ́n jókòó tira wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣùgbọ́n àyà ti kọ̀. Ó fọn apá kan, ó fi ẹnu kọ apá kan, ó fi ọwọ́ júwe èyí tó kù. Aránṣọ tò ó pọ̀ bí ó ti lè ṣe. Títí di òní, wọ́n ń fọn Ẹ Dìde ní ìlú náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ti àtijọ́ ní ibì kan wà nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ bó ṣe yẹ kó rí. Ẹnu Bàbá Onífèrè nìkan ló mọ̀ ọ́n, èémí rẹ̀ kò sì gbé e mọ́.

Ó yá, Nọ́ọ̀sì, jẹ́ ká wá sórí ẹjọ́ tìrẹ.

O ní wọ́n fi ọmọ tí o fọwọ́ ara rẹ kọ́ níṣẹ́ ṣe ọ̀gá lé ọ lórí ní ilé ìgbẹ̀bí. O ní ó ń kúnlẹ̀ kí ọ ní àárọ̀, pé ìkúnlẹ̀ náà ló ń dùn ọ́ jù. Mo gbà. Ìlara kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, n kò sì ní bá ọ wí nítorí pé ó wọlé. Ṣùgbọ́n o sọ nǹkan kan lẹ́yìn náà, o sáré sọ ọ́, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. O ní ìgè tí ó ń fi ẹsẹ̀ wáyé, bí ọwọ́ ṣe ń gbà á kí orí má baà há, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n níbẹ̀, o kò sì tíì rí àyè fi hàn án.

O rí àyè. Oṣù mẹ́ta ti kọjá tí ó ti di ọ̀gá.

Àwọn ará ìlú tí mo sọ fún ọ yẹn, bí wọ́n bá nà wọ́n nílé lónìí, wọ́n á sunkún, wọ́n á bú aṣọ́lé, wọ́n á tún gbá òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá tó bá wà lórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwọ kò sí níbi iṣẹ́ kò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò mọ̀ ọ́, kò mọ ọmọ tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá rẹ, kò sì sí nínú ìjà yín. Ó kàn fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ ni.

Máa lọ. Má ṣe dúró jẹun. Bá a níbi iṣẹ́ kí ó tó kúrò, kí o sì fi ọwọ́ náà hàn án.